Àdúrà Tí Ọba Hesekáyà Kò Gbà

Níbi ìsìn ìrántí ọdún kẹwàá tí bàbá mi ti pa ipò dà, ọba Hesekáyà ni oníwàásù fi ṣe kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu. Bí a bá ti ń sin òkú tàbí tí à ń rántí òkú, ibi tí wòlíì Aísáyà ti sọ fún ọba Júdà pé kó palẹ̀ ilé rẹ̀ mọ́ nítorí pé yóò kú ni àwọn oníwàásù wa máa ń sá lọ. Mo ti gbọ́ ọ tó ìgbà ogún. Mo mọ bó ṣe máa ń parí: ọba kọjú sí ògiri, ó sunkún, Ọlọ́run fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún ọjọ́ ayé rẹ̀, ìjọ á ké "Àmín" kíkankíkan, a ó sì jáde lọ jẹ ìrẹsì.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, oníwàásù wa tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ó ní àṣìṣe kan ṣoṣo ni Hesekáyà ṣe láyé rẹ̀, òun náà ni pé ó ṣí ilé ìṣúra rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn àlejò láti Bábílónì. Ó ní ìgbéraga ni, ó sì kìlọ̀ fún wa pé ká má ṣe máa ka owó lójú ẹni tí a kò mọ̀. Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi obìnrin tó jókòó tì mí fi ìgbọ̀nwọ́ tì mí, ó ní, "Bọ̀dá mi, kí ló dé tí ẹ ò rẹ́rìn-ín?" N kò lè rẹ́rìn-ín. Ọkàn mi ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn àlejò, ó ti lọ sí ohun tí ọba fi dá wòlíì lóhùn lẹ́yìn tí àwọn àlejò lọ tán. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ Hesekáyà wà, ibẹ̀ gan-an sì ni oníwàásù fò kọjá.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, èmi kì í ṣe pásítọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo kàwé dé, iṣẹ́ ìwé ìròyìn sì ni mo fi ń jẹun. Ohun tí iṣẹ́ náà kọ́ mi kò ju pé kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni mẹ́ta kí n tó gbé e jáde. Ní ti Hesekáyà, ẹlẹ́rìí mẹ́ta ló wà nínú Bíbélì: Ìwé Àwọn Ọba Kejì láti orí 18 dé 20, Ìwé Aísáyà láti orí 36 dé 39, àti Kíróníkà Kejì láti orí 29 dé 32. Ẹlẹ́rìí kẹrin tún wà tí kì í ṣe Júù, ọ̀tá rẹ̀ sì ni. Bí a bá pe àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ, ọba tí a máa rí kì í ṣe ọba orí àga ìwàásù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún ọkùnrin náà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Áhásì ni bàbá tó bí i, Áhásì tó fi ọmọ ara rẹ̀ rúbọ nínú iná, tó sì ti ilẹ̀kùn tẹ́ḿpìlì pa. Ọmọ ọdún 25 ni Hesekáyà nígbà tó gorí ìtẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún kìíní ìjọba rẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn náà, ó tún un ṣe, ó ní kí àwọn àlùfáà kó ìdọ̀tí inú ibẹ̀ dànù. Lẹ́yìn èyí ló kọjú sí àwọn ibi gíga tí wọ́n ti ń rúbọ káàkiri ilẹ̀ náà. Ní ọdún 1973, àwọn awalẹ̀pìtàn rí òkúta pẹpẹ oníwo kan ní Bíáṣébà, wọ́n ti tú u palẹ̀, wọ́n sì ti fi àwọn òkúta rẹ̀ mọ ògiri. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé àsìkò Hesekáyà ni wọ́n tú u.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo fi ń bọ̀wọ̀ fún un jù ni ti ejò idẹ. Ejò yẹn, Mósè ló rọ ọ́ nínú aginjù, Ọlọ́run ló sì ní kó rọ ọ́. Àwọn ènìyàn wá ń sun tùràrí sí i. Ta ni kò lè fọ́ ère Báálì? Ohun ọ̀tá ni. Àmọ́ kí ènìyàn gbé ohun tí Mósè fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ rọ, ohun tó ti gba ẹ̀mí àwọn bàbá ńlá là, kó sì fọ́ ọ túútúú lójú gbogbo ìlú, ìyẹn ju agbára lásán lọ. Ẹ dán an wò nínú ìjọ yín, ẹ fọwọ́ kan àga kan ṣoṣo tí olùdásílẹ̀ jókòó sí, kí ẹ wá ròyìn fún mi.

Ohun kan ṣì wà. Ásíríà ti kó Samáríà ní nǹkan bí ọdún 722 kí a tó bí Jésù, ìjọba Ísírẹ́lì ti ìhà àríwá sì ti fọ́. Hesekáyà rán oníṣẹ́ sí àwọn tó ṣẹ́kù níbẹ̀ pé kí wọ́n wá ṣe Àjọ Ìrékọjá ní Jerúsálẹ́mù. Púpọ̀ nínú wọn fi àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn díẹ̀ wá, wọn kò sì ya ara wọn sí mímọ́ bí òfin ṣe wí, wọ́n kàn jẹun àjọ bẹ́ẹ̀. Kí ni ọba ṣe? Ó gbàdúrà fún wọn. Ó bẹ Ọlọ́run pé kó dárí ji ẹni tó bá fi ọkàn rẹ̀ wá, bí kò tilẹ̀ mọ́ tó. Ẹ fi àdúrà yìí sọ́kàn o. Ọkùnrin yìí mọ bí a ṣe ń bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká dé ibi tí kò dùn. Ìwé Àwọn Ọba yìn ín pé kò sí irú rẹ̀ nínú ìgbẹ́kẹ̀lé láàárín àwọn ọba Júdà, ṣáájú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. (Orí márùn-ún péré lẹ́yìn rẹ̀, ìwé kan náà sọ ohun tó fara jọ ọ́ nípa Jòsáyà. Àwa tí à ń kọ ìròyìn ìsìnkú mọ irú ìyìn báyẹn.) Àmọ́ kò tí ì pé ẹsẹ̀ mẹ́wàá sí ìyìn náà tí Senakéríbù ọba Ásíríà fi gòkè wá, ní ọdún 701, tó sì gba àwọn ìlú olódi Júdà. Hesekáyà ránṣẹ́ sí i ní Lákíṣì pé òun ti ṣẹ̀, iyekíye tó bá bù fún òun, òun yóò san án. Senakéríbù bu 300 tálẹ́ńtì fàdákà àti 30 tálẹ́ńtì wúrà. Ọba kó gbogbo fàdákà inú tẹ́ḿpìlì àti ti ilé ìṣúra ààfin. Kò tó. Ó wá bó wúrà ara ilẹ̀kùn tẹ́ḿpìlì, ilẹ̀kùn kan náà tí òun fúnra rẹ̀ fi wúrà bò, ó fi san án.

Ẹ ṣí Ìwé Aísáyà, ẹ ò ní rí owó yìí. Ẹ ṣí Kíróníkà, kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹlẹ́rìí méjì gbé e mì. Mo mọ ìdí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn ọba onígbàgbọ́ kò ní fẹ́ kí ẹ rí i lórí àkàsọ̀, tó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́, tó ń ha wúrà ilẹ̀kùn Ọlọ́run fún kèfèrí. Àwọn àgbà Júù tó kọ Támọ́dì kò gbé e mì ní tiwọn. Wọ́n ka nǹkan mẹ́fà tí Hesekáyà ṣe, wọ́n ní àwọn amòye gbà pẹ̀lú rẹ̀ lórí mẹ́ta, wọn kò sì gbà lórí mẹ́ta. Ejò idẹ wà nínú èyí tí wọ́n gbà, ilẹ̀kùn tẹ́ḿpìlì wà nínú èyí tí wọn kò gbà. Ìdájọ́ tó mọ́gbọ́n dání nìyẹn. Èmi kò tilẹ̀ lè dá a lẹ́bi púpọ̀ lórí ilẹ̀kùn. Ẹni tí wọ́n ti gba ìlú lọ́wọ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ni kó fi ṣe wúrà ara ilẹ̀kùn?

Ẹlẹ́rìí kẹrin nìyí. Senakéríbù kọ ìtàn ogun rẹ̀ sára òpó amọ̀ onígun mẹ́fà. Ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n rí ní Nínéfè ní ọdún 1830, wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù; òmíràn wà ní Chicago, òmíràn sì wà ní Jerúsálẹ́mù. Ó ní òun gba ìlú olódi 46 àti àwọn abúlé tí kò lóǹkà, òun kó ènìyàn 200,150 jáde, òun sì há Hesekáyà mọ́ Jerúsálẹ́mù bí ẹyẹ inú àgò. Ọba tó ń ka iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ni, ẹ bu iyọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí kò lè sọ: kò sọ pé òun wọ Jerúsálẹ́mù. Níbi tí Bíbélì ti ní áńgẹ́lì Olúwa pa 185,000 nínú àgọ́ Ásíríà lóru ọjọ́ kan, ẹnu Senakéríbù wúwo. Níbi wúrà, òun àti Bíbélì ṣe déédéé, 30 tálẹ́ńtì. Fàdákà ló sọ di 800.

Ó tún sọ ohun kan tí kò sí nínú Bíbélì rárá. Ó ní lára ohun tí Hesekáyà fi ránṣẹ́ sí òun ní Nínéfè lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọbìnrin rẹ̀, àwọn obìnrin ààfin rẹ̀, àtàwọn akọrin lọ́kùnrin lóbìnrin.

Mo ka ibẹ̀, mo dá ìwé dúró. Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀. Kò sí oníwàásù kankan tó sọ fún mi rí pé Hesekáyà ní ọmọbìnrin.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n lọ sí British Museum yẹn, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wọ̀ ọ́. Kí wọ́n béèrè àwòrán Lákíṣì. Òkúta pẹlẹbẹ ni, Senakéríbù ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ sí ògiri ààfin rẹ̀ ní Nínéfè, Layard, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló sì wú u jáde ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Bí ọmọ ogun Ásíríà ṣe ń gun òkìtì tí wọ́n mọ sí ara odi wà níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n gún mọ́ orí igi wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin àtàwọn ọmọ kéékèèké lórí kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà, tí wọ́n ń lọ sí ibi tí wọn kò mọ̀, wà níbẹ̀. Abẹ́ Hesekáyà ni gbogbo wọn wà. Áńgẹ́lì kò dé Lákíṣì.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí ìdí ibùsùn ọba. Ó ṣàìsàn dé ojú ikú. Aísáyà wọlé, ó ní kò ní yè é. Ọba kọjú sí ògiri, ó rán Ọlọ́run létí bí òun ṣe rìn níwájú rẹ̀, ó sì sunkún gidigidi. Ìwé Àwọn Ọba ní wòlíì kò tí ì jáde kúrò ní àgbàlá àárín tí ọ̀rọ̀ Olúwa fi dá a padà: ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni fún un. Ẹ ronú lé e. Ìdájọ́ tí wòlíì sọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run yí padà kí ẹni tó sọ ọ́ tó jáde ní ilé. Nínú gbogbo Júdà, bóyá kò sí ẹni tó tún mọ̀ bíi Hesekáyà pé ẹkún lè yí ìdájọ́ padà. Ara rẹ̀ ló ti mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn èyí ni Merodaki-Baladani ọba Bábílónì rán ikọ̀ wá kí i kú ewu àìsàn. Hesekáyà fi gbogbo ohun tó ní hàn wọ́n: fàdákà, wúrà, òórùn dídùn, òróró iyebíye, ilé ohun ìjà. Aísáyà dé, ó bi í ní ìbéèrè bíi ti ọlọ́pàá: ta ni wọ́n, níbo ni wọ́n ti wá, kí ni wọ́n rí? Ó wá sọ ọ̀rọ̀ náà. Ọjọ́ ń bọ̀ tí wọn yóò kó gbogbo rẹ̀ lọ sí Bábílónì. Nínú àwọn ọmọ tí ọba bí pàápàá, wọn yóò mú lára wọn, wọn yóò sì sọ wọ́n di ìwẹ̀fà ní ààfin ọba Bábílónì.

Àwa Yorùbá kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ìwẹ̀fà fún wa. Ààfin Ọ̀yọ́ ní wọn. Wọ́n lè ní àṣẹ, wọ́n lè wọ aṣọ àrán, wọ́n lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba. Wọn kò lè bí ọmọ. Ohun tí Aísáyà ń sọ fún Hesekáyà ni pé ìlà rẹ̀ yóò gé ní ààfin ẹlòmíràn.

Kí ni ọba wí? Ó ní ọ̀rọ̀ Olúwa tí wòlíì sọ dára. Ìwé Àwọn Ọba sì gbé èrò ọkàn rẹ̀ síta fún wa: pé kò kúkú burú, níwọ̀n ìgbà tí àlàáfíà yóò wà nígbà ayé tòun.

Ó tán. Kò kọjú sí ògiri. Omi kò bọ́ lójú rẹ̀.

Mo ti gbọ́ àwọn tó ń gbèjà rẹ̀. Wọ́n ní ìtẹríba ni, pé ó gba ohun tí Ọlọ́run fẹ́ láì jiyàn. Ó tì o. Bó bá jẹ́ pé ìtẹríba ni ìwà rẹ̀, kí ló dé tí kò tẹríba nígbà tí wọ́n ní òun fúnra rẹ̀ yóò kú? Ìdájọ́ méjì, láti ẹnu wòlíì kan náà, fún ọkùnrin kan náà. Èyí tó kan orí rẹ̀, ó sunkún sí i. Èyí tó kan orí ọmọ rẹ̀, ó ní ó dára. Ó gbàdúrà fún àwọn ará àríwá tí kò wẹ̀ kí wọ́n tó jẹ ẹran àjọ. Ábúráhámù bá Ọlọ́run ná ọjà lórí Sódómù, níbi tó jẹ́ pé ọmọ àbúrò rẹ̀ nìkan ló ní níbẹ̀. Hesekáyà kò ná ẹyọ kan.

Nítorí náà, tí ẹ bá ní kí n dájọ́, ẹ̀bi ilé ìṣúra kéré. N kò tilẹ̀ gbà pé yànga lásán ni. Ẹ wo ìṣirò yìí. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn ogun Senakéríbù ni àwọn ará Bábílónì wá, níbo ni ọba ti rí fàdákà tí ó fi hàn wọ́n, nígbà tó ti kó gbogbo rẹ̀ fún Ásíríà, tó ha ilẹ̀kùn kún un? Kíróníkà ní àwọn ènìyàn kó ẹ̀bùn wá fún un lẹ́yìn ogun, ẹni tó bá fẹ́ lè di ibẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n ìwé àwọn ará Ásíríà àti Bábílónì fi hàn pé Merodaki-Baladani jọba láti 721 dé 710, ó tún gorí ìtẹ́ fún oṣù díẹ̀ ní 703, Senakéríbù sì lé e kúrò. Ní 701 kò sí lórí ìtẹ́ Bábílónì mọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi gbà pé kí ogun tó dé ni ikọ̀ náà wá, àti pé kì í ṣe kíkí nìkan ni wọ́n bá wá. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò bá wọn dìtẹ̀ mọ́ Ásíríà. Ẹni tó ń wá alájọṣe ogun ni à ń fi ilé ohun ìjà hàn. Ọ̀rọ̀ Aísáyà fúnra rẹ̀ nídìí ibùsùn ṣe ẹ̀rí: ó ṣèlérí pé Ọlọ́run yóò gba ìlú náà lọ́wọ́ ọba Ásíríà, bí ẹni pé ọ̀tá ṣì ń bọ̀.

Bí a bá to ìtàn náà bẹ́ẹ̀, ẹ wo bó ṣe yí padà. Ọba tó ní kò burú bí àlàáfíà bá wà nígbà ayé òun, kò tó ọdún mélòó kan sí i tí ìlú 46 fi jóná lójú rẹ̀. Àlàáfíà tó fi àwọn ọmọ rẹ̀ rà, kò rí i lò. Bí ọ̀rọ̀ Senakéríbù bá sì jẹ́ òótọ́, kò dúró de Bábílónì kí ọmọ rẹ̀ tó wọ ààfin àjèjì. Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ti lọ sí Nínéfè. Inú ìyẹn ló wá wà nígbà tí Rábúṣákè, ìjòyè Ásíríà, dúró sẹ́yìn odi Jerúsálẹ́mù tó ń fi èdè Júù bú u lójú ìlú. Inú ìyẹn ló wà nígbà tí ó gbé lẹ́tà Senakéríbù lọ sí tẹ́ḿpìlì, tó tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú Olúwa. Nínú àdúrà yẹn, kò dárúkọ iṣẹ́ rere ara rẹ̀ mọ́. "Àwa" ló ń sọ. Ó ní kí Ọlọ́run gba àwọn là.

Èyí ló mú kí n fẹ́ràn rẹ̀ padà díẹ̀. Bí Ìwé Àwọn Ọba ṣe tò ó, tó fi àlejò Bábílónì kẹ́yìn, akọni tó bàjẹ́ nígbẹ̀yìn ló jọ. Bí ìṣirò ọdún ṣe tò ó, ẹni tí ojú rẹ̀ là nígbà tí ojú ti rí màbo ni.

Ẹ óò ti máa bi mí pé kí ló kàn mí nínú ọ̀rọ̀ ọba tó kú ní nǹkan bí 2,700 ọdún sẹ́yìn. Ó kàn mí. Ní ọdún 1986, bàbá mi kọ́ ilé onírúùmù mẹ́fà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, bíríkìlà, sọ fún un lójú mi pé ẹni tó ta ilẹ̀ náà fún un kì í ṣe olórí ẹbí, pé kó lọ pe gbogbo ẹbí náà jọ kí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé kí àwọn àgbà wọn tó kú tán. Ọmọdé ni mí, mo ń gbé omi fún wọn. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kò ní ṣẹlẹ̀ lójú mi." Kò sì ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀ lóòótọ́. Ọdún kẹta tó kú ni àwọn ọmọ ẹbí yẹn dé. Èmi àti àbúrò mi yìí la tún ilẹ̀ náà rà. Télọ̀ ni, ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ló tà sí i.

Bàbá mi kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ má gbọ́ mi ní àgbọ́yé. Aago márùn-ún ìdájí ló máa ń jí gbàdúrà, orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan ló sì ń dá. Bẹ́ẹ̀ náà ni Hesekáyà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Bó bá jẹ́ Áhásì ló sọ ọ̀rọ̀ yẹn, n kò ní kọ ìwé lórí rẹ̀.

Àwọn àgbà Júù pàápàá kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí sùn. Ìtàn kan wà nínú Támọ́dì pé ìdí tí Aísáyà fi ní ọba yóò kú ni pé ó kọ̀ láti bímọ. Hesekáyà ní òun ti rí i nínú ẹ̀mí pé ọmọ tí òun máa bí kò ní dára. Aísáyà ní kí ló kan án nínú àṣírí Ọlọ́run, kó ṣe èyí tí wọ́n pa láṣẹ fún un. Ó wá fẹ́ ọmọbìnrin wòlíì, wọ́n bí Mánásè. Ìtàn àwọn àgbà ni, kò sí nínú Bíbélì. Àmọ́ ẹ rí i pé àwọn náà mọ̀ pé ibi ọmọ ni bàtà ti ń ta ọba yìí lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀yin oníwàásù tí ẹ máa ń sọ pé ká ní Hesekáyà kú nígbà tí wọ́n ní kó kú, a kò bá má bí Mánásè burúkú, ẹ fara balẹ̀. Òótọ́ ni pé ọmọ ọdún 12 ni Mánásè nígbà tó jọba, èyí tó jọ pé inú ọdún àlékún ni wọ́n bí i. Ṣùgbọ́n ọdún 55 tí wọ́n kà fún un gùn ju àyè tó wà nínú ìṣirò lọ, ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ kan fi ní ó ti kọ́kọ́ bá bàbá rẹ̀ jọba pọ̀ fún bí ọdún mẹ́wàá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n ti bí i kí àìsàn tó dé. Ọmọ náà ti wà nílé, ó ti ń sáré kiri nínú àgbàlá, nígbà tí bàbá rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ náà dára.

Ọ̀rọ̀ Aísáyà dé, ó pẹ́ ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kó tó dé. Ní 597, Nebukadinésárì kó Jehoiákínì, àtọmọdọ́mọ Hesekáyà, lọ sí Bábílónì. Wọ́n ti rí wàláà amọ̀ níbẹ̀ tí wọ́n kọ ìpín òróró sí, òróró tí ààfin ń wọ̀n fún ọba Júdà yìí àtàwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin márùn-ún. Ẹni tí baba ńlá rẹ̀ fi òróró iyebíye han àlejò Bábílónì, Bábílónì ló wá ń wọ̀n òróró fún un.

N kò gbọdọ̀ fi ihò omi sílẹ̀, torí pé òun ni kò jẹ́ kí n ti ẹjọ́ yìí pa. Kí Ásíríà tó dé, Hesekáyà ní kí wọ́n gbẹ́ inú àpáta láti orísun Gíhónì lọ sí adágún Sílóámù, kí omi lè máa wọ inú odi kí ọ̀tá má sì rí i. Ihò náà gùn tó mítà 533. Apá méjì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, àwọn kan láti ìhín, àwọn kan láti ọ̀hún, wọ́n sì pàdé láàárín. Ní ọdún 1880, àwọn ọmọkùnrin tó ń ṣeré nínú omi náà rí ìwé tí wọ́n gbẹ́ sí ara ògiri rẹ̀. Ó wà ní Istanbul ní Tọ́kì báyìí. Ó sọ bó ṣe ku ìgbọ̀nwọ́ mẹ́ta péré tí àwọn agbẹ́kùúta fi ń gbọ́ ohùn ara wọn nínú àpáta. Kò dárúkọ ọba kankan. Omi ṣì ń gba inú rẹ̀ kọjá títí di òní, àwọn ọmọdé àti àlejò ń fẹsẹ̀ rìn nínú rẹ̀. Ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ ní ti ayé òun ló kan òun, ọwọ́ rẹ̀ ti gbẹ́ ohun tí ọmọ-ọmọ-ọmọ rẹ̀ mu.

Mo sọ ìtàn ihò yìí fún àbúrò mi lálẹ́ ọjọ́ ìrántí náà, nígbà tí àwọn àlejò ti lọ tán tí à ń ko àga. Ó gbọ́ ọ tán pátá. Ó gbé àga tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá mi, ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ihò yẹn gbà kọjá, ṣé ọba gba ìwé lọ́wọ́ àwọn tó ni ín?"

Mo ní n ó yẹ Bíbélì wò.